Ìbòjú oníke kọ́ ló ń jó aláìsàn jẹjẹrẹ lójú

Ẹ̀yin tí ẹ ń pín in kiri pé ìbòjú tí wọ́n fi ń de orí aláìsàn mọ́ bẹ́ẹ̀dì lásìkò ìtọ́jú onítànṣán, ìyẹn ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, ló ń jó wọn lójú, tó sì ń sé wọn léèémí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ike pẹlẹbẹ tó kún fún ihò ni. Wọ́n á rì í sínú omi gbígbóná títí á fi rọ̀, wọ́n á gbọn omi rẹ̀ dànù, kí wọ́n tó tẹ́ ẹ lé ojú. Ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, kì í bó awọ. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ á ti le, á gba ìrísí ojú onítọ̀hún. Inú ihò wọ̀nyẹn ni èémí ń gbà.

Ìtànṣán gan-an ló ń mú kí awọ pọ́n tàbí kó gbẹ. Òótọ́ ni pé ìbòjú lè fi díẹ̀ kún iye tó ń dé awọ, ṣùgbọ́n láìsí i, bí orí bá yẹ̀ ní mìlímítà mélòó kan péré, ìtànṣán lè bà lé iṣan tí ojú fi ń ríran tàbí ọpọlọ tí kò ní àrùn.

Ìbẹ̀rù pé ó fún mọ́ni, mi ò ní pe ìyẹn ní irọ́. Ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń wò yín lórí kámẹ́rà. Ẹ nawọ́ sókè, wọ́n á dá ẹ̀rọ dúró.