Ẹ pe àwọn tí ẹ fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ padà

Alukoro iléeṣẹ́ ìjọba tí ọ̀rọ̀ ìgbanisíṣẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ kàn, níbi tí wọ́n ti fi àwọn aláàbọ̀ ara tó wá gbaṣẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀ ilé, ti wí tẹnu rẹ̀. Ó ní kò sí yàrá tó ṣófo nísàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fi wáyé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àti pé àwọn ti bẹ àwọn tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara pé kí wọ́n ní sùúrù, àwọn ń bọ̀ wá bá wọn. Ilẹ̀ ṣú, ẹnikẹ́ni kò sọ̀ kalẹ̀. Nínú gbogbo àlàyé yẹn, a kò rí ibi tó ti tọrọ àforíjì.

A ti kọ ọ́ sójú ìwé yìí rí pé òfin wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, òfin tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀. Oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ú. Ọdún 5 ni òfin náà fún àwọn ilé ìjọba láti ṣe ọ̀nà tí aláàbọ̀ ara yóò máa gbà wọlé. Ọdún náà ti pé láti 2024. Ẹni tó bá ń sọ pé kò sí yàrá nísàlẹ̀ lónìí, ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń jẹ́wọ́ pé òun rú òfin.

Èyí tó ká wa lára jù ni ti iye. Òfin náà ní kí aláàbọ̀ ara tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba, ó kéré tán, "bó bá ti ṣeé ṣe tó". Ẹ̀yìn gbólóhùn kékeré yìí ni àwọn ọ̀gá ń sá pamọ́ sí. Nínú 200 òṣìṣẹ́, 10 ló yẹ kó jẹ́ akàndá ẹ̀dá. Tí wọn kò bá gba ẹyọ kan, wọ́n á ní kò ṣeé ṣe. Ta ló gbìyànjú ẹ̀ wò? Lọ́jọ́ wo? Ẹ mú ìwé rẹ̀ jáde! A ti béèrè iye aláàbọ̀ ara tó ń gba owó oṣù ní iléeṣẹ́ yìí, àti ní ìjọba ìbílẹ̀ márààrún agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́. Wọn ò dá wa lóhùn. Ó ti sú wa.

Kí wọ́n má sì sọ fún wa pé àwọn kò rí ẹni tó kàwé. Láti 1977 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe ti wà nílùú Ọ̀yọ́, tí afọ́jú àti adití ń gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ níbẹ̀. Ṣé Ọ̀yọ́ wá jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni?

Àwọn tí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń bá fínra náà wà nínú ẹ̀. Òfin ọdún 2014 ka fífi àyẹ̀wò HIV dènà iṣẹ́ fún ènìyàn léèwọ̀. Síbẹ̀ náà, ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde ṣì ń fi àìsàn rẹ̀ pamọ́ fún ọ̀gá, torí ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á ní kó máa lọ sílé.

Bí ọdún bá ń parí lọ, wọ́n á pín ìrẹsì àti kẹ̀kẹ́ níwájú kámẹ́rà. Kí wọ́n máa pín in. Àmọ́ àwọn tó jókòó nísàlẹ̀ lọ́jọ́ náà mú sátífíkéètì dání wá ni, iṣẹ́ ni wọ́n wá gbà. Kí iléeṣẹ́ náà pè wọ́n padà kó tó gbé orúkọ ẹnikẹ́ni jáde, kó fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò nísàlẹ̀, kó sì lẹ iye aláàbọ̀ ara tó bá gbà mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀.