Ìda kì í ṣe fáànù

Ìròyìn kan ní ìda paraffin inú fóònù á máa mú processor, ìyẹn ṣíìpù tó jẹ́ ọpọlọ fóònù, tutù títí lọ. Rárá o. Ìda kàn ń gba ooru pamọ́ nígbà tó bá ń yọ́ ni. Ẹ ṣírò rẹ̀: gíráàmù 1 ń gba nǹkan bíi joule 200 (joule la fi ń wọn agbára ooru) kó tó yọ́ tán, gíráàmù 10 á gba 2,000. Bí processor bá ń tú watt 5 (joule 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan) sílẹ̀ ju èyí tí ara fóònù lè gbé jáde lọ, kò ní pé ìṣẹ́jú 7 tí ìda á fi yọ́ tán, ooru á sì tún máa gòkè.

Dídì padà ló wá le jù. Eicosane, ọ̀kan lára àwọn ìda paraffin, ń yọ́ ní nǹkan bíi 37°C. Nínú yàrá tó gbóná tó 35°C, ìgbà wo ló fẹ́ dì? Ìda kì í sì í gbé ooru kiri dáadáa: ibi tó kan ṣíìpù á ti yọ́, òdìkejì á ṣì le gbagidi, àfi bí wọ́n bá po graphite, irú carbon tó ń gbé ooru kiri dáadáa, mọ́ ọn. Ó tún máa ń wú bó bá yọ́, kí àpò rẹ̀ ní àyè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á jò sórí bọ́ọ̀dù.

PTM7950, ohun bí ìda tí wọ́n ń fi sáàárín ṣíìpù àti heatsink (irin tó ń gbé ooru kúrò) láptọ́ọ̀pù, yàtọ̀ pátápátá: ó ń rọ̀ ní nǹkan bíi 45°C kó lè dí àlàfo, kì í ṣe láti tọ́jú ooru.