Kì í ṣe wúrà ló gbé àwọn Mormon dé Utah
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní Joseph Smith, olùdásílẹ̀ ìjọ Mormon ní Amẹ́ríkà, ló kó àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ lọ wá wúrà ní Utah. Rárá o. Wọ́n ti pa Smith ní ẹ̀wọ̀n Carthage, Illinois, lọ́dún 1844. Brigham Young, tó di olórí wọn lẹ́yìn Smith, ló ṣáájú wọn lọ. Oṣù keje 1847 ni wọ́n dé Salt Lake ní Utah, tó jẹ́ ilẹ̀ Mẹ́síkò nígbà náà. Oṣù kìíní 1848 ni wúrà Kalifọ́níà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Inúnibíni ló lé wọn. Ní 1838, gómìnà Missouri, Boggs, pàṣẹ ní gbangba pé kí wọ́n lé wọn jáde tàbí kí wọ́n pa wọ́n run. Gómìnà o! Nígbà tí wọ́n ń fi Nauvoo, ìlú tí wọ́n tẹ̀dó sí ní Illinois lẹ́yìn náà, sílẹ̀ ní oṣù kejì 1846, odò Mississippi dì gbagidi, kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn sì ń gba orí yìnyín kọjá.

Lóòótọ́, àwọn Mormon kan wà níbi tí wọ́n ti rí wúrà ọ̀hún, àmọ́ iṣẹ́ ilé ìlagi ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀.