Òtẹ́ẹ̀lì ẹbí wa: ká tà á, àbí ká fi í sílẹ̀?

Ọmọ Rẹ́mọ: Ẹ̀yin ará ilé, ìjọ kan fẹ́ ra òtẹ́ẹ̀lì tí bàbá wa àgbà kọ́ sí abúlé wa, láàárín Ògíjó sí Ṣágámù. Wọ́n á wó o palẹ̀. Àwọn àbúrò mi ti gbà, èmi ò gbà. Ilé ìtàn ni!

Ìyá Àrẹ̀mú: Ìtàn ń kan páànù ni? Ṣebí ojú wa ló di sítọ́ọ̀ obì. Agbọ̀n obì kún ibi tí wọ́n ti ń jó, òórùn ewé tútù gba gbogbo ilé. Kò sẹ́ni tó pariwo ìtàn nígbà yẹn.

Dẹ́rẹ́bà Àtijọ́: Kí wọ́n tó ṣí ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, ọ̀nà ibẹ̀ la máa ń gbà: Ìkòròdú, Ṣágámù, ó di Ìbàdàn. Bílẹ̀ bá ṣú, a ó yà síbẹ̀. Fìríìjì oníkẹrosíìnì ni wọ́n fi ń mú bíà tutù, obìnrin tó ń tà á á fi etí ìró nu ìgò kó tó gbé e fún ọ. Ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì dé, mọ́tò bá a lọ. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín.

Yàrá Kẹrin: Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ lèmi ń gbé, ilé iṣẹ́ irin ní Ògíjó ni mò ń lọ. Nọ́ńbà 4 tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ ṣì wà lára ilẹ̀kùn mi. Òjò ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ń gbowó ilé, ẹ ò pààrọ̀ páànù kan, ẹ wá ń sọ̀tàn!

Ìyá Àrẹ̀mú: Ẹ ò gbọ́ bí? Ẹ tà á jàre.

Lọ́yà Ìjẹ̀bú: Ìyá, ẹ rọra. Ilé ẹbí ni. Bẹ́ni tí kì í ṣe olórí ẹbí bá tà á, òfo ni. Bí olórí ẹbí fúnra rẹ̀ bá tà á láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i, kóòtù lè fagi lé e. Ta ni olórí ẹbí?

Ọmọ Rẹ́mọ: Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní London. Lórí WhatsApp ló ti ní òun fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà.

Lọ́yà Ìjẹ̀bú: Kí ìjọ náà má tíì kówó sílẹ̀ o.

Dẹ́rẹ́bà Àtijọ́: Bẹ́ ẹ bá tilẹ̀ tà á, ẹ bá mi yọ ilẹ̀kùn kan pa mọ́.

Yàrá Kẹrin: Bàbá, ẹ fi tèmi sílẹ̀! Mo ti sanwó títí di Kérésìmesì. Ta ni yóò dá a padà, ìjọ ni àbí ẹbí?