Bátìrì Hítà

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi kan ní Peckham, ní London. Ọ̀làjú ti wọ ilé wọn débi pé mo lọ kí wọn lọ́jọ́ Sátidé, n kò lè bọ́ kóòtù. Oṣù kìíní ni o. Mo rọ̀ mọ́ ife tíì bí ẹni gbé ọmọ tuntun, eyín mi ń lu ara wọn. Gáàsì ò tán, bọ́ílà tó ń gbé omi gbígbóná wá sínú hítà ò bàjẹ́. Bátìrì ló kú.

Bátìrì hítà! Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n, àwọn fáàfù funfun tí wọ́n ń pè ní ọlọ́gbọ́n, tí fóònù ń darí, tó ń ṣí omi gbígbóná sí hítà tàbí kó dí i, tó sì máa ń kùn yùn-ún lóru bí ẹ̀fọn. Mẹ́sàn-án ni ẹ̀gbọ́n dè mọ́ hítà ilé wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ bátìrì méjì. Bátìrì 18, kí èèyàn tó lè bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ti pálọ̀ ti dí omi gbígbóná pa kó tó dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n yọ ti rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, wọ́n kó o sínú rẹ̀. Ó jí. Kò pẹ́, ti yàrá náà kú. Wọ́n gun àga, wọ́n yọ ẹyọ kan lára aago ògiri. Aago dúró gbagidi. Ó ku ẹyọ kan. Ọmọ-ọmọ wọn sì ní mọ́tò ìṣeré kan tó ń dún wí-wí-wí. Ẹkún tí ọmọ yẹn sun!

Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká ṣe ìlara. Iṣẹ́ ńlá ni. Ní Disẹ́ńbà, a jọ wà lóde ìnáwó ní Ìjẹ̀bú-Òde, onílù ń kì wọ́n, ni ẹ̀gbọ́n bá fa fóònù yọ nínú agbádá. Mo rò pé wọ́n fẹ́ ya fọ́tò ni. Wọ́n ní àwọn ń tan hítà balùwẹ̀ Peckham. Mo ní ta ló wà níbẹ̀? Wọ́n ní kò sẹ́nì kankan. Ó ṣáà ṣeé tàn.

60 pọ́n-ùn ni wọ́n ní àwọn ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́sàn-án rẹ̀ jẹ́ 540. Owó àjọ mi tó wà lọ́wọ́ wọn látèṣí, 300 péré ni. N ò sọ nǹkan kan.

Kí ni fáàfù àtijọ́ fi ṣe wá gan-an? Ó ní nọ́ńbà, 1 dé 5. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ yí i, ó parí. Ìda inú ọ̀pọ̀ wọn á wú bí yàrá bá móoru, á rọra dí omi gbígbóná lọ́nà fúnra rẹ̀. Kò béèrè páásíwọ̀dù, kò béèrè Wi-Fi, kò jẹ bátìrì ọmọ ọlọ́mọ. Òun gan-an lọlọ́gbọ́n! Mo mọ̀ pé owó gáàsì tó fò sókè lọ́dún 2022 ló kó jìnnìjìnnì bá wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ti Ìjẹ̀bú-Òde yan balùwẹ̀ òfìfo lóoru, owó wo ló ń ṣọ́? Ìranù!

Bàbá mi náà lo bátìrì o. Tiger Head mẹ́rin ló wà nínú rédíò wọn. Bó bá ti ń kú lọ, àwa ọmọ á sá a sóòrùn, a ó fi eyín tẹ̀ ẹ́, rédíò á tún sọ̀rọ̀ títí ìròyìn á fi parí. Mo ṣèèṣì sọ ìtàn yìí létí ẹ̀gbọ́n. Ojú wọn là. Wọ́n ṣa òkú bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, wọ́n ṣí fèrèsé pálọ̀ sílẹ̀ gbayawu, wọ́n sì tò wọ́n sétí rẹ̀, sínú oòrùn London tí kò lè gbẹ áńkáṣíìfù. Atẹ́gùn ya wọlé. Fáàfù pálọ̀, ọlọ́gbọ́n ọmọ, ti mọ̀ pé fèrèsé ṣí. Ó kùn yùn-ún, ó pa hítà.