Ilà dúdú ara ìgò ẹ̀jẹ̀ kò mọ orúkọ yín

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé gbogbo àṣírí aláìsàn ló wà nínú barcode, ìyẹn ilà dúdú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò ẹ̀jẹ̀: orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, àrùn tó ń ṣe é, títí kan èsì àyẹ̀wò HIV. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá gbé fóònù sí i ti rí ìdí ọ̀rọ̀.

Ẹ gbé fóònù sí i wò. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ láàbù, nọ́ńbà lásán ni yóò jáde. Lébẹ́ẹ̀lì ti wà lára ìgò kí wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò. Báwo ni èsì tí kò tíì sí yóò ṣe wà nínú rẹ̀? Èyí tó tilẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé orúkọ tí wọ́n ń bẹ̀rù pé ilà yóò tú síta sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gedegbe, tí wọ́n fi lẹ́tà kọ.

Táàgì tí alágbàfọ̀ so mọ́ aṣọ kò mọ ẹni tó ni aṣọ. Inú ìwé alágbàfọ̀ ni orúkọ wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni barcode. Scanner, ẹ̀rọ tó ń ka barcode, yóò ka nọ́ńbà, yóò fi ránṣẹ́ sí sọ́fítíwíà láàbù, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ àti àyẹ̀wò tí dókítà ní kí wọ́n ṣe.

Àwa tó ń ṣe lébẹ́ẹ̀lì gan-an kò bọ́ nínú ìgbàgbọ́ yìí. Ẹlòmíràn á ṣí sọ́fítíwíà, á fẹ́ kó orúkọ àti ọjọ́ ìbí sínú ilà. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀ nínú Code 128, irú barcode kan tó ti wà láti 1981 tí ọ̀pọ̀ láàbù sì ń lò. Ká pe fífẹ̀ ilà tó tín-ín-rín jù ní àyè kan. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń gba àyè 11, àmọ́ díjíìtì méjì lè jọ wọ inú àyè 11 kan náà. Nọ́ńbà oní-díjíìtì 10 yóò gba àyè 90, pẹ̀lú àmì ìbẹ̀rẹ̀, àmì ìyẹ̀wò àti àmì ìparí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 203 dpi ń tẹ àmì kékeré 8 sínú mílímítà kan. Bí àyè kan bá jẹ́ àmì kékeré 2, gbogbo ilà náà kò tó mílímítà 23. Ẹ fi àyè funfun 10 kún un lọ́tùn-ún àti lósì, ó ṣì gba ara ìgò dáadáa.

Orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó jẹ́ lẹ́tà 28 ńkọ́? Ó lé ní mílímítà 80. Ọ̀pọ̀ ìgò ẹ̀jẹ̀ kò ju mílímítà 75 lọ ní gígùn! Ká má tilẹ̀ tíì sọ ti ẹ, ọ àti ṣ, tí Code 128 kò mọ̀ rárá.

Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á fún ilà náà pọ̀ kó lè wọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò lè tẹ ìdajì àmì kékeré, torí náà àwọn ilà kan á sanra, àwọn mìíràn á tín-ín-rín, scanner á kọ̀ ọ́. Ẹnìkan á wá fi ọwọ́ tẹ nọ́ńbà náà sínú kọ̀ǹpútà, àṣìṣe á sì ríbi wọlé.

QR, barcode onígun mẹ́rin, lè gbé ọ̀rọ̀ púpọ̀ lóòótọ́. Síbẹ̀ nọ́ńbà ni mo fara mọ́: bí wọ́n bá tún orúkọ kan kọ nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà kò ní yí padà.

Àwọn tó sọ pé níbi tí barcode bá wà, ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan kò lè di ti ẹlòmíràn, àwọn náà ṣì í. Àmì ìyẹ̀wò ń dá scanner dúró kó má ṣi nọ́ńbà kà ni. Kò mọ apá tí ẹ̀jẹ̀ ti wá. Lébẹ́ẹ̀lì tó bá wà lára ìgò tí kì í ṣe tirẹ̀, scanner yóò kà á láìkọsẹ̀. Kí aláìsàn fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀, kí ẹ gba ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì lẹ lébẹ́ẹ̀lì mọ́ ìgò níwájú rẹ̀, kí ẹ tó pe ẹni tó kàn.