Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Kíkọ́ Ọmọ Tó Ní Down Syndrome Ní Ìwé Kíkà Nílé

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìgbà tí àgbà bá fẹ́ kí àwọn tó ń bínú jókòó kojú ara wọn ni wọ́n sábà máa ń pa òwe yìí, torí ohun tí ẹnu kò lè sọ tán, ojú á sọ ọ́. Ní tèmi, kò sẹ́ni tó yẹ kó di òwe náà mú bí òbí tó fẹ́ kọ́ ọmọ tó ní Down syndrome ní ìwé kíkà, ìyẹn ipò kan tí wọ́n ń bí mọ́ ọmọ, tó máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ sísọ àti ẹ̀kọ́ falẹ̀ fún un.

Ọ̀pọ̀ òbí ló máa ń ní, “Kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ná, ìwé á tẹ̀ lé e.” Ó jọ òótọ́, ṣùgbọ́n ọdún ọmọ ló ń ṣòfò bẹ́ẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ yìí, kromosóòmù 21, ọ̀kan lára àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tó ń gbé àbùdá nínú sẹ́ẹ̀lì ara, tó yẹ kó jẹ́ méjì, jẹ́ mẹ́ta. Ọdún 1959 ni Jérôme Lejeune àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ Faransé kéde rẹ̀. Ibi tí àfikún yẹn ti ń hàn ló kàn wá: iṣan ẹnu máa ń dẹ̀, omi sábà máa ń dúró lẹ́yìn ìlù etí, ohun tí etí gbọ́ kì í sì í pẹ́ kó tó bọ́ lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹnu sọ ti kọjá kó tó dì í mú. Èyí tí ẹ kọ sílẹ̀ ń dúró dè é.

Nítorí náà, ẹ má ní kí ìwé dúró de ẹnu. Ìwé gan-an lè fa ẹnu jáde. Ní nǹkan bí ọdún 1980 ni Sue Buckley, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Portsmouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́yìn tí bàbá kan kọ lẹ́tà nípa ọmọ rẹ̀ tó ní Down syndrome tó sì ti ń kàwé láti kékeré.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ àwọn tó fẹ́ràn, kì í ṣe láti a, b, d. Ìró lẹ́tà kan ṣoṣo kò ní ìtumọ̀. Orúkọ àbúrò rẹ̀ ní ìtumọ̀. Ẹ kọ “Màmá” sórí páálí méjì, kí lẹ́tà tóbi, kí àmì ohùn sì pé, torí odindi ọ̀rọ̀ lojú rẹ̀ máa gbé. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, kó gbé ìkejì lé e. Bíyẹn bá ti mọ́ ọn lára, ẹ tẹ́ páálí méjì tó yàtọ̀ síra, kẹ́ ẹ ní, “Fún mi ní Màmá.” Ẹ̀yìn èyí lẹ tó máa bi í pé, “Kí la kọ síbí?” Ìbéèrè ìkẹyìn yìí lọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀; ọmọ á dákẹ́, wọ́n á ní kò mọ̀ ọ́n. Ó lè mọ̀ ọ́n o, kó jẹ́ ẹnu ni kò tíì gbé e. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń lọ síbi tí kò yẹ, ẹ rọra darí rẹ̀ kó tó ṣì í mú. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Ẹ kó páálí nílẹ̀ nígbà tó ṣì ń fẹ́ ẹ.

Ó lè wo “ibùsùn” kó pè é ní “oorun.” Èmi fẹ́ràn irú àṣìṣe yìí ju ìdákẹ́jẹ́ lọ: ọmọ náà ti dé ìdí ọ̀rọ̀, orúkọ rẹ̀ ló ṣì. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe yẹ fún un, kẹ́ ẹ máa bá a lọ.

Ìró lẹ́tà náà ń bọ̀. Nígbà tó bá ti dá ọ̀rọ̀ bíi 30 tàbí 50 mọ̀, ẹ máa fi hàn án pé “bàbá” àti “bàtà” bẹ̀rẹ̀ bákan náà. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò. Wọ́n ní bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bà jẹ́. Òwe yẹn ò bá ọmọ yìí mu rárá.

Ẹ má sì so kíkà mọ́ kíkọ. Ìka rẹ̀ lè máà tíì lágbára tó láti di pẹ́ńsù mú, ṣùgbọ́n ó lè to páálí mẹ́ta sára wọn: “Màmá,” “ń,” “sùn.” Gbólóhùn tiẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó kà á sétí ẹni tó ń sùn.